Sípíkà, Áńpílífáyà àti Yàrá: Ààrò Mẹ́ta Kì Í Da Ọbẹ̀ Nù

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, áńpílífáyà oníwáàtì mélòó ni kí n rà?" Níbí ní Ìlọrin tí mò ń gbé, láti Táńkẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ sí títí dé Adéwọlé, wáàtì ni gbogbo ènìyàn ń wò lára páálí. Ẹni tí béèsì rẹ̀ ò dún dáadáa á ní wáàtì ni ò tó. Ẹni tí ohùn ń gún létí náà á ní wáàtì ni ò tó. Ni owó bá tún jáde lápò. Bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń da ohùn yẹn rú ò sí nínú áńpílífáyà rárá. Ara ògiri ló wà.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohùn tó dára náà, orí ààrò mẹ́ta ló ń jókòó lé: sípíkà, áńpílífáyà àti yàrá. Bí ẹ bá ra méjì tó lówó lórí gan-an tí ẹ ò ka ẹ̀kẹta sí, ọbẹ̀ á dà ni. Lónìí, ẹ jẹ́ ká yẹ ààrò kọ̀ọ̀kan wò, ká sì ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lè bá wa dé ìparí.

Kí ni ohùn gan-an?

Ẹ wo àwọn onílù. Tí ọ̀pá bá kan awọ ìlù, awọ á gbọ̀n, á ti afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti èkejì rẹ̀, títí yóò fi dé etí wa. Ìyáàlù tóbi, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Omele kéré, ohùn rẹ̀ wà lókè. Bí sípíkà ṣe rí náà nìyẹn. Wúfà ńlá ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn béèsì. Twítà kékeré ló ń gbé ohùn òkè.

Iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni à ń pè ní hẹ́ẹ̀tìsì, tí wọ́n máa ń kọ báyìí: Hz. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó 30°C, bó ṣe sábà máa ń rí ní Ìlọrin, ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi hẹ́ẹ̀tìsì pín 349, ẹ ó rí bí ìgbì ohùn kan ṣe gùn tó. Ìgbì 50 Hz gùn tó mítà 7, ó ju yàrá púpọ̀ lọ. Ìgbì 5,000 Hz ò ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, àtẹ́lẹwọ́ lè bò ó. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn, a ó padà sí wọn tá a bá dé ọ̀rọ̀ yàrá.

Ààrò kìíní: sípíkà

Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì lẹ́yìn sípíkà tàbí nínú ìwé rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni bí ó ṣe ń gbọ́rọ̀ sí. Wọ́n á fún un ní wáàtì 1 péré, wọ́n á dúró ní mítà 1 síwájú rẹ̀, wọ́n á wá wọn bí ohùn ṣe ròkè tó ní dẹ́síbẹ̀lì, ìyẹn dB. Ọ̀pọ̀ sípíkà inú ilé wà láàárín 84 sí 90 dB. Ìyàtọ̀ yẹn lè jọ ohun kékeré lójú yín, àmọ́ òfin dB nìyí: tí ẹ bá fẹ́ fi 3 dB kún ohùn, ẹ nílò wáàtì ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá fẹ́ fi 10 dB kún un, ìlọ́po mẹ́wàá ni, etí yín á sì kàn gbọ́ ọ bí ẹni pé ó fi ìlọ́po méjì ròkè ni. Torí náà, sípíkà 90 dB tó ń jẹ wáàtì 10 àti sípíkà 84 dB tó ń jẹ wáàtì 40, ohùn kan náà ni wọ́n ń mú jáde.

Ẹ wo méjì tí àwọn olólùfẹ́ ohùn kárí ayé mọ̀ dáadáa. LS3/5A ni sípíkà kékeré kan tí àwọn ẹnjiníà BBC ní Ìlú Ọba ṣe ní àwọn ọdún 1970, kí òṣìṣẹ́ rédíò lè máa fi gbọ́ ohùn níbi tí àyè ti há, irú bí inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba ohùn lóde. Nǹkan bí 83 dB ni tirẹ̀. Èkejì ni Klipschorn tí Paul Klipsch gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1946. Ó tóbi tó wọ́dúróòbù, igun yàrá ni wọ́n sì ṣe é fún, torí ògiri méjèèjì ló ń bá a parí ẹnu fèrè tí béèsì ń gbà jáde. Nǹkan bí 105 dB ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 22 dB. Ohun tí Klipschorn fi wáàtì 1 ṣe, LS3/5A máa nílò ohun tó lé ní wáàtì 150 láti ṣe é, ó sì máa jóná kó tó débẹ̀. Ṣé LS3/5A wá burú ni? Rárá o. Yàrá kékeré ni wọ́n ṣe é fún, ibẹ̀ ló sì ti ń gbayì. Ẹ gbé Klipschorn sínú yàrá tí igun rẹ̀ kan jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nìyẹn.

Nọ́ńbà kejì ni óòmù, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Ω. Ó ń sọ bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Nọ́ńbà yìí bá bọ́ sílẹ̀, iná púpọ̀ ló ń fà lára áńpílífáyà. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni 8, 6 àti 4. Tí ẹ bá so sípíkà 8 Ω méjì mọ́ ojú ẹyọ kan náà, tí pọ́sítíìfù wà pẹ̀lú pọ́sítíìfù, 4 Ω ni áńpílífáyà ń rí. Ẹ so mẹ́rin, ó di 2 Ω. Áńpílífáyà tí wọ́n kọ "8 Ω" sí lẹ́yìn á gbóná bí àdògán, á sì kú. Kì í ṣe òògùn ayé ló pa á.

Ihò tó wà lára ọ̀pọ̀ àpótí sípíkà ńkọ́? Ẹ bu ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sórí ẹnu ìgò, ẹ ó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo. Ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Dada, ní Òkèlélé níbí, á ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ohùn tirẹ̀ á kàn lọ sísàlẹ̀ sí i torí inú rẹ̀ fẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hermann von Helmholtz ará Jámánì ló ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Bí inú àpótí ṣe fẹ̀ tó àti bí ọ̀nà ihò náà ṣe gùn tó ló ń pinnu béèsì tó máa ràn lọ́wọ́. Torí náà, ẹ má fún ihò yẹn mọ́ ògiri.

Ààrò kejì: áńpílífáyà

Wáàtì tó ṣe é gbára lé ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí, tí wọ́n sì sọ iye óòmù tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá rí PMPO lára páálí pẹ̀lú nọ́ńbà bí 5,000, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ. Ẹ̀rọ tí wáyà iná rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti fáànù ò lè gba wáàtì 5,000 lára ògiri, kó tó wá fún sípíkà.

Wáàtì mélòó la wá nílò? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní sípíkà yín jẹ́ 87 dB, ẹ sì jókòó ní mítà 3 sí i. Níta gbangba, ohùn máa ń dín 6 dB kù nígbàkigbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì. Ní mítà 3, nǹkan bí 9.5 dB ló ti lọ, ó ku 77.5. Sípíkà méjì ló ń dún, ẹ fi 3 kún un, ó di 80.5 dB. Wáàtì 1 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn o, ó sì ti tó ariwo tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè kó tó lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orin kì í dúró lójú kan. Ìgbà tí onílù bá já a lu, ohùn lè fò sókè lójijì ní 15 dB, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 32. Wáàtì 32 nìyẹn fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá, ògiri tún ń dá ohùn padà fún wa, kì í tiẹ̀ ṣòfò tó báyẹn. Wáàtì 50 tó jẹ́ RMS gidi tó yàrá púpọ̀, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ẹ ó wá rí ìdí tí ẹ̀rọ òde ìnáwó fi nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì. Kò sí ògiri níbẹ̀, àwọn èèyàn sì jókòó jìnnà. Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ yàrá kan, ó gbé tírélà wọ kọ̀rọ̀ ni.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé áńpílífáyà kékeré lè jó sípíkà ńlá. Tí ẹ bá yí fólúùmù kọjá agbára rẹ̀, orí ìgbì ohùn á gé pẹrẹsẹ, bí ẹni fi àdá gé orí ebè. Ohùn tí wọ́n gé lórí báyìí ń ti iná àfikún lọ sókè, sínú twítà tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Láìpẹ́, twítà á dákẹ́. Torí náà, ẹ ra áńpílífáyà tí RMS rẹ̀ bá ti sípíkà dọ́gba tàbí tó fi díẹ̀ jù ú, kí ẹ má sì yí i dé òpin. Tí ohùn bá ti ń ha, ẹ dín in kù lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tiwa náà ńkọ́? 230 ló yẹ kí fóltéèjì wà. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan fáànù àti fíríìjì, mo ti rí i tó bọ́ sí 160. Nínú áńpílífáyà tó ń lo tirafọ́mà wíwúwo ti àtijọ́, agbára tó lè mú jáde ń tẹ̀ lé fóltéèjì lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀: 160 tá a fi 230 pín, tá a tún fi ara rẹ̀ sọdi púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 0.48. Ààbọ̀ wáàtì yín ti lọ! Ohùn tí kì í ha lọ́sàn-án lè máa ha lálẹ́, láìjẹ́ pé nǹkan kan bà jẹ́. Bákan náà, tí ẹ bá ń gbọ́ "hùùù" kan tí kì í dẹwọ́, ẹ kọ́kọ́ wo áàsì inú ilé àti irú ínfátà tí ẹ ń lò. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í yípo geere bí ìgbì omi sábà máa ń mú ariwo bẹ́ẹ̀ wá.

Ààrò kẹta: yàrá

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé abọ́ omi fífẹ̀ kan, kí ẹ máa mì í sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ bá mì í dé ìwọ̀n kan tó bá a mu, omi á máa ga lẹ́bàá abọ́ níhà méjèèjì, àárín rẹ̀ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè rárá. Béèsì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ògiri méjì. Láti mọ ìwọ̀n náà, ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín 349.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóròó, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 48 Hz, láàárín ibi tí gìtá béèsì ti ń kọrin. Nítorí pé ìbú àti òró dọ́gba, 48 Hz kan náà ló tún ń ti ìhà kejì wá, méjèèjì á gun ara wọn. Tí ẹ bá fẹ̀yìn ti ògiri, béèsì yẹn á wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Tí ẹ bá jókòó sáàárín gbùngbùn yàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Ní báyìí, ẹ rántí ẹni tó ní wáàtì ni ò tó. Ó jókòó sáàárín yàrá, kò gbọ́ béèsì, ó wá lọ ra áńpílífáyà ìlọ́po méjì. Kí ló jèrè? Òdo tí a sọ di ìlọ́po méjì, òdo náà ni. Bó bá ti sún àga rẹ̀ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ì bá ti rí béèsì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìṣòro kejì ni ìró tó ń ta padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá tó ṣófo, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa dún nìṣó. Ní 1895, wọ́n ní kí ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì kan ní Yunifásítì Harvard, Wallace Sabine, wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ olùkọ́ yékéyéké. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5.5 ni ọ̀rọ̀ ń dún níbẹ̀ kó tó pòórá. Lálaalẹ́, Sabine àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ á kó tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn mìíràn wọ ibẹ̀, wọ́n á wọn ohùn, wọ́n á sì kó wọn padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Níbẹ̀ ló ti rí òfin tí gbogbo ayé ń lò dòní: ẹ fi 0.161 sọ ìwọ̀n àyè inú yàrá di púpọ̀, ẹ wá fi àròpọ̀ ohun tó ń fa ohùn mu pín in.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Àyè inú yàrá wa jẹ́ nǹkan bíi mítà 41 oníhà mẹ́ta. Gbogbo ojú rẹ̀, ògiri, àjà àti ilẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi mítà 71 níbùú lóròó. Táìsì àti ògiri tí wọ́n rẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa nǹkan kan mu. Tá a bá fi 0.03 ṣírò rẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ ò ju 2.1 lọ. Ohùn á dún fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Ọ̀rọ̀ olórin á máa gorí ara wọn. Ẹ wá gbé fóòmù ibùsùn sí i, kọ́tìnnì tó nípọn, rọ́ọ̀gì, aṣọ tó kún ibi ìkáṣọ, àti ènìyàn méjì. Tí àròpọ̀ bá dé 13, ìṣẹ́jú àáyá 0.5 ló kù. Ohùn ti mọ́ kedere, ẹ ò sì ra ẹ̀rọ tuntun kankan.

Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Ẹ rántí pé ìgbì 50 Hz gùn tó mítà 7. Páálí pẹlẹbẹ ò lè rí i mú. Ó lè dá díẹ̀ nínú ohùn òkè dúró, béèsì á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Fóòmù ibùsùn àtijọ́ tó nípọn, tí ẹ gbé dúró sí igun yàrá, sàn jù ú lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀

1. Ẹ fa sípíkà kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀ títí béèsì ò fi ní kùn mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà kan.
2. Ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín sípíkà méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú àlàfo tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ yín, kí twítà sì ga tó etí yín tí ẹ bá jókòó.
3. Tí ẹ bá ní wúfà ńlá lọ́tọ̀, ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin tó ní béèsì sí i, kí ẹ wá máa rìn yíká ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tí béèsì bá ti dọ́gba jù lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì padà sórí àga yín.
4. Ẹ fetí sí gíláàsì fèrèsé, pákó àjà àti ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù. Ohun tó ń gbọ̀n lára wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní sípíkà tó ti ya.

Tí ẹ bá wá fẹ́ lọ rajà lóòótọ́, ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dunjú lọ. Èmi, ohùn Ọdọláyé Àrẹ̀mú ni mo fi ń dán sípíkà wò. Nínú Dàdàkúàdà, ọ̀rọ̀ ló jọba. Tí mi ò bá gbọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kedere láàárín ìlù, mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ bi ọlọ́jà ní nǹkan mẹ́ta: dB mélòó, óòmù mélòó, RMS mélòó? Kí ẹ sì rántí pé yàrá ọlọ́jà kì í ṣe yàrá yín. Tó bá gbà kí ẹ dá a padà bí kò bá dún dáadáa nílé, ọlọ́jà gidi nìyẹn.

Etí ò ní ààrọ̀

Ọ̀rọ̀ tó kù kì í ṣe ti owó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ju 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá dé 90 dB, wákàtí 4 péré ni fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Etí tó bá ti kú kì í jí mọ́, kò sì sí Ọjà Ọba tí wọ́n ti ń ta tuntun. Àwọn ará ilé kejì ńkọ́? Ìgbì béèsì tó gùn ní mítà 7 ò mọ ààlà, ó ń gba ara ògiri kọjá lọ bá ọmọ ìkókó tó ń sùn.

Nítorí náà, ká ní ẹ ní owó kan lọ́wọ́ lónìí, ìmọ̀ràn mi rèé: kí ẹ kọ́kọ́ tún yàrá ṣe, kí ẹ wá ra sípíkà tó bá yàrá náà mu, kí ẹ sì wá áńpílífáyà tó bá sípíkà náà mu gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tò ó láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ wọn yàrá yín lálẹ́ òní, ẹ ṣe ìṣirò 349 yẹn, kí ẹ sì kọ iye Hz tí ẹ bá rí sísàlẹ̀ fún wa. Tí ìbú àti òró yàrá yín bá dọ́gba, ẹ sọ ibi tí àga yín wà pẹ̀lú.